Ogójì Kìlómítà tí Ìgbìmọ̀ Pa

Tòmátì ni àwọn agbálẹ̀ kọ́kọ́ pè é. Ọgọ́sàn-án àpótí ni bàálù ẹrù náà kó láti Arómi, gbogbo rẹ̀ ló sì fọ́ káàkiri pápákọ̀ òfurufú Ìdóko, ó pupa láti ìdí òpó àsíá títí dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti gbá a dé ìdajì kí obìnrin kan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó mú nǹkan kan, tó wò ó tìfura-tìfura, tó sì rọra dá a padà síbi tó ti mú un. Bàtà ni. Ẹsẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà fi ogójì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́.

Lókè ilé ìṣọ́, Ẹfúnwùmí ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Pátákó ńlá tó wà níwájú pápá dojú kọ ọ́, lẹ́tà iná sì ni wọ́n fi kọ ọ́: ARÓMI SÍ ÌDÓKO, ÌṢẸ́JÚ MỌ́KÀNDÍNLÓGÚN. ẸNI TÓ PẸ́, Ọ̀TÁ NI. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ogun, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀tá nìkan ni kì í mọ iye ìṣẹ́jú tó yẹ kéèyàn fi wọ̀lú. Ogun ti tán, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò. Lẹ́yìn pátákó ni àwọn Oníbodè dúró sí: òpó irin mẹ́rin tó ga ju igi àràbà lọ, ìbọn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú pupa kan lábẹ́ ìbọn. Wọn kì í sùn, wọn kì í gba ẹ̀bẹ̀, wọn kò sì mọ ìyàtọ̀ tòmátì sí bọ́ǹbù. Nọ́ńbà tó wà lórí pátákó nìkan ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, bàálù tó bá kọjá rẹ̀ ni wọ́n ń yìnbọn lù, ìka kan ṣoṣo ní gbogbo Ìdóko ló sì lè yí nọ́ńbà náà padà. Àtàǹpàkò ọ̀tún Ẹfúnwùmí ni. Òun ni awọnnà ìlú, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ bí ọ̀nà òfurufú ti jìn tó.

Àtàǹpàkò awọnnà tó ṣíwájú rẹ̀ wà nínú ìgò kan lórí tábìlì, nínú ọtí líle. Baba Ọ̀ṣúnkúnlé ló ni ín. Ó fi ìṣẹ́jú méjì kún nọ́ńbà ìlú ní ọdún kan tí ìjì pọ̀, ìgbìmọ̀ ní ó bu ìlú kù, wọ́n sì gé ìka náà ní gbàgede. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ìgò: ÌRÁNTÍ. Wọn kò kọ ohun tó yẹ kéèyàn rántí sí i. Wọ́n mọ̀ pé awọnnà lóye.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé orí mọ́kàndínlógún kò le láti sọ. Oṣù tó kọjá ni Arómi kéde pé ogún ìṣẹ́jú péré ni bàálù ń lò láti Ìdóko dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ojú ti Ìdóko. Ayẹyẹ ọdún kẹwàá tí ọba gorí ìtẹ́ ń bọ̀, àlejò á ti Arómi wá, àwọn àlejò yìí á sì bá pátákó tó ń jẹ́wọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìgbìmọ̀ pe Ẹfúnwùmí. Ó ṣàlàyé fún wọn pé òjìlénígba kìlómítà ni láti pápá dé pápá, pé kìlómítà méjìlá ni bàálù ń rìn ní ìṣẹ́jú kan, pé ogún ìṣẹ́jú nìyẹn kí wọ́n tó ka ìkíni mọ́ ọn. Nítorí bàálù tó bá ń wọ Ìdóko gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba orí ààfin kọjá, kó tẹ imú ba fún ọba. Èyí tí kò bá kí, ẹ̀ṣọ́ ààfin á fi ọta kí i.

Olóyè Dégbọlá, Alákòóso Ojú Ọ̀run, fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá ọmọ ìlú ló wọn òjìlénígba yìí tàbí àlejò. Agbẹjọ́rò kan ní ogójì kìlómítà nínú rẹ̀ gba orí ilẹ̀ tí ìlú méjèèjì ń bára wọn jà lé lórí, ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù, kò sì tọ́ kéèyàn máa ka ohun tó wà ní kóòtù. Wọ́n dìbò. Mọ́kànlá fara mọ́ ọn, ẹnì kan kọ̀, ẹnì kan ń sùn. Báyìí ni ogójì kìlómítà ṣe kú, tí ọ̀nà di igba kìlómítà géérégé, tí ìṣirò sì bá ọlá ìlú mu. Kò sẹ́ni tó lọ túfọ̀ fún òfurufú.

Ẹfúnwùmí tẹ̀ka. Ó wo ìgò, ó wo ojú àwọn olóyè, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé àwọn awakọ̀ ìsinsìnyí kì í pẹ́ nídìí ìkíni: wọ́n á mi imú bàálù lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó ń tòògbé, wọ́n á sì kọjá. Bí wọ́n bá sáré gan-an, wọ́n lè bá a. Ó tún sọ ohun kan fún ara rẹ̀ tí kò jẹ́ sọ létí ẹnikẹ́ni: pé bàbá òun ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bàálù láti ọdún méjì. Ẹni yòówù kó pẹ́, bàbá ẹlòmíràn ni.

Ó ń ronú kan bàtà yẹn lọ́wọ́ nígbà tí Olóyè Dégbọlá gun àtẹ̀gùn wọlé. Ẹ̀ṣọ́ kan tẹ̀ lé e, Jagunmólú, ọkùnrin tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀ tó orí rẹ̀, tí àdá wà ní ìbàdí rẹ̀. Agbádá olóyè jẹ́ ti fọ́nrán iná, irú èyí tó ń kọ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Níwájú, lẹ́yìn, ní apá méjèèjì, mọ́kàndínlógún ni ó ń kọ; ó ń tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn. Olóyè wo inú pápá, ó ní kí wọ́n da yanrìn lé e kí àlejò má bàa rí i. Ẹfúnwùmí ní ẹsẹ̀ èèyàn wà níbẹ̀. Olóyè ní kí wọ́n jẹ́ kí yanrìn ibẹ̀ nípọn díẹ̀.

Bàálù àlejò ti gbéra ní Arómi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti kọjá lára aago ògiri. Èèyàn mẹ́tàléláàádọ́ta ló wà nínú rẹ̀. Rédíò dún.

“Ìdóko, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló wà níbẹ̀? Ṣé Ẹfún ni?”

Ẹfúnwùmí dá ohùn náà mọ̀. Ọdẹ́túndé ni, bàbá rẹ̀.

“Bàámi, kí lẹ wá ṣe nínú bàálù?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn awakọ̀ ọmọdé sá. Inú ń run ọ̀kan, ìyá ń pe èkejì nílé, ẹ̀kẹta ló tiẹ̀ láyà, ó ní nọ́ńbà Ìdóko á pa èèyàn. Ilé iṣẹ́ bẹ òun.

“Mo ní èmi á wà á. Ọmọ mi ló tẹ̀ka sí nọ́ńbà yẹn. Ṣé ọmọ mi á tẹ̀ka sí irọ́ ni?”

Olóyè Dégbọlá mi orí, inú rẹ̀ dùn. Ó ní bàbá dáadáa nìyẹn.

Ẹfúnwùmí di etí tábìlì mú. “Irọ́ ni, Bàámi. Mo tẹ̀ka sí irọ́. Ẹ yí padà sí Arómi.”

Nígbà tí bàbá tún sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti kúrò lóhùn rẹ̀. Ó ní ibodè Arómi ti tì lẹ́yìn òun, àwọn Oníbodè ibẹ̀ kò sì mọ ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Igbó ló wà láàárín. Iwájú nìkan ló kù.

“Ẹ má kí wọn, nígbà náà. Ẹ wọlé tààrà.”

“Kí n gba orí ọba kọjá bí àwòdì? Ẹ̀ṣọ́ ààfin á yìnbọn, wọ́n á sì jàre.”

“Ẹ kí wọn lẹ́ẹ̀kan, Bàámi. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Àwọn Oníbodè pa ẹnì kan láàárọ̀ yìí.”

“Ẹfún,” ni bàbá wí, ó sì fi sùúrù sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, “ta ló ń yìnbọn lu ẹni tó dọ̀bálẹ̀?”

Ọgbọ̀n ọdún ni Ọdẹ́túndé fi ń kí Ìdóko, ìkíni rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ọmọdé. Á tẹ imú bàálù ba títí fìlà àwọn èrò á fi já bọ́, á yí apá ọ̀tún sílẹ̀, á yí apá òsì, bàálù odindi á ṣe yíìká lókè ààfin bí ọkọ ìyàwó níwájú àna. Ó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Òun ló kọ́ Ẹfúnwùmí pé ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé. Kò tíì sí ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bàálù rẹ̀ kan ilẹ̀ Ìdóko tí ọmọ rẹ̀ kò sọ “ẹ kú àbọ̀, Bàámi” lórí rédíò, kí òun náà sì dáhùn “ẹ kú ilé” kó tó pa ẹ́ńjìnnì.

Aago kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ẹfúnwùmí kúnlẹ̀ fún olóyè. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni òun ń tọrọ, kí nọ́ńbà di mẹ́tàlélógún títí bàálù yìí á fi balẹ̀, kí wọ́n dá a padà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rán an létí pé èèyàn mẹ́tàléláàádọ́ta ni.

Olóyè wo àyà ara rẹ̀ níbi tí nọ́ńbà ti ń tàn. “Ọmọ mi, bí wọ́n bá kú, ìlú á sunkún ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà yìí bá yẹ̀, Arómi á fi wá ṣẹ̀sín títí ayé. Ìwọ tó o mọ ìṣirò, èwo ló pẹ́ jù?”

Ẹfúnwùmí fò dìde lọ sídìí àwo ìtẹ̀ka, àwo dúdú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tẹ mẹ́tàlélógún sí i, ó sì gbé àtàǹpàkò lé e. Àwo náà gbọ́dọ̀ ka márùn-ún, kó lè mọ̀ pé ìka náà gbóná, pé ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú rẹ̀. Ó ka ẹyọ kan. Ó ka méjì. Jagunmólú fi ẹ̀yìn àdá gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́.

Eyín méjì bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà fi irun gbé e dìde, ó sì fi orí rẹ̀ lu ògiri, ó tún fi lù ú, ó ń ṣe é láìbínú, bí ẹni tó ń gún nǹkan lódó. Ní ẹ̀kẹta, ọwọ́ Ẹfúnwùmí kan ìgò. Ó fọ́ ọ mọ́ ojú ọkùnrin náà. Ọtí àti àfọ́kù wọ ojú Jagunmólú, ó bú bí màlúù, ó jù ú sílẹ̀. Àtàǹpàkò Baba Ọ̀ṣúnkúnlé yí gbirigbiri lọ sídìí bàtà olóyè. Olóyè fa etí agbádá sókè kó má bàa kan án.

Ẹfúnwùmí fi orúnkún wọ́ lọ sídìí àwo. Ó gbé ìka lé e. Ẹyọ kan. Méjì. Mẹ́ta.

“Gé e,” ni Olóyè Dégbọlá wí, bí ẹni tó ń ra ẹran.

Jagunmólú kò ríran, ṣùgbọ́n àwo ń kà sókè, ohùn àwo ló sì fi mọ ibi tí ọwọ́ wà. Àdá dé nígbà tí ó ka mẹ́rin.

Ẹ̀jẹ̀ ta sí fèrèsé. Ẹfúnwùmí ṣubú sẹ́yìn, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti di mẹ́rin. Àwo náà, tí wọ́n ti kọ́ ní ìwà ọmọlúàbí, fi ohùn tútù sọ pé ìka náà sún kúrò, kí ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún un tẹ̀.

Láti ojú fèrèsé, wọ́n rí bàálù náà. Ó sáré gan-an, ó ti dé orí ààfin. Ó tẹ imú ba, ó rẹwà lójú, ogunlọ́gọ̀ tó wà níwájú pátákó hó yèè. Ó yí sọ́tùn-ún. Ọba na ìrùkẹ̀rẹ̀ sí i láti orí àga níta gbangba. Ó yí sósì. Ó ń dìde lọ́wọ́ nígbà tí aago lu mọ́kàndínlógún, tí ojú pupa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Òjò ọta ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé ààfin, ó ká páànù ibẹ̀ bí ewé, ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta ṣubú láti orí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọba fúnra rẹ̀ sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lábẹ́ àga. Lẹ́yìn náà ni ó gòkè bá bàálù.

Ẹfúnwùmí dìde. Ó fi ọwọ́ òsì mú àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ lórí àwo, ó ṣì gbóná, ó ṣì ń kán sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ara. Olóyè kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe. Àwo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní ẹyọ kan, apá òsì bàálù ń jó. Ní méjì, ihò ti to ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní mẹ́ta, gíláàsì iwájú fọ́, ó tàn nínú oòrùn bí omi tí wọ́n dà nù. Ní mẹ́rin, olóyè pariwo orúkọ Jagunmólú, Jagunmólú gbé àdá sókè, ó sì ṣá tábìlì.

Márùn-ún.

Ìbọn dákẹ́. Pátákó ṣẹ́jú, ó kọ mẹ́tàlélógún.

Bàálù náà wọlé ní gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ó gbá ilẹ̀, ó yọ̀ lórí yanrìn, tòmátì tún tú jáde lábẹ́ rẹ̀, ó sì dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí ẹsẹ̀ pátákó. Ìlẹ̀kùn ṣí. Àwọn èrò ń jáde, wọ́n ń ṣubú lé ara wọn, wọ́n wà láàyè. Ẹfúnwùmí fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ rédíò.

“Ẹ kú àbọ̀, Bàámi.”

Kò sí ohùn.

“Ẹ kú àbọ̀, Bàámi.”

Igbákejì awakọ̀, obìnrin kan, ló dáhùn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má kí wọn mọ́.”

Ní ìsàlẹ̀, ogunlọ́gọ̀ ti dìde láti ibi tí wọ́n sá mọ́lẹ̀ sí, wọ́n ń gbọn eruku aṣọ, wọ́n sì ń wo pátákó. Wọ́n dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bọ́ṣọ lára rẹ̀. Olóyè Dégbọlá ti wà nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí ìdákẹ́jẹ́ náà tó le. Ó ti yí agbádá rẹ̀ wọ̀, inú síta, kí mọ́kàndínlógún má bàa hàn.

“Ẹ̀yin èèyàn Ìdóko, ìlú yín ti tóbi sí i. Abúlé ni wọ́n ń dé kíákíá. Ìlú ńlá, ta ló ń ti ẹnu ibodè rẹ̀ dé àárín rẹ̀ láìpẹ́?”

Wọ́n rò ó wò. Ó wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Kó tó di ọ̀sán, Arómi kéde pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni bàálù ń lò kó tó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Olóyè padà gun ilé ìṣọ́ ní ìrọ̀lẹ́, òun àti ẹlẹ́rọ kan. Wọ́n ti fi aṣọ di ọgbẹ́ ọwọ́ Ẹfúnwùmí, ó jókòó sórí ilẹ̀ níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ. Olóyè bá a kẹ́dùn dáadáa, ó lo òwe méjì. Ó ní ìgbìmọ̀ gbà pé ó ti jẹ ìyà rẹ̀ kó tó dẹ́ṣẹ̀, nítorí náà kò sí ẹjọ́. Ó ní kò tún sí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà. Ẹlẹ́rọ ti fi orúkọ àtàǹpàkò òsì rẹ̀ sílẹ̀ nínú àwo. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni ìgbìmọ̀ fẹ́.

Ẹfúnwùmí ní Arómi á pè é ní ọgọ́ta kí ilẹ̀ tó mọ́.

Olóyè ronú, ó sì jọ pé ó dùn ún.

“Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní èyí tí wọn ò lè kọjá, olóyè. Ẹgbèje ìṣẹ́jú ó lé ogójì.”

Olóyè bi í pé ṣé lóòótọ́ ni Arómi kò lè ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹfúnwùmí ní kò sí ìlú tó lè ní i láé. Ibẹ̀ ni aago ń kà dé kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Olóyè pe nọ́ńbà náà lẹ́nu jẹ́jẹ́, ó tún un pè. Agbádá rẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó gùn débi pé ó yí àyà rẹ̀ ká.

Ẹfúnwùmí fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ka. Àwo ka márùn-ún, kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́. Níta, pátákó kọ nọ́ńbà tuntun, ogunlọ́gọ̀ hó gèè, kò sì sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn wo àwọn Oníbodè. Ẹgbèje ìṣẹ́jú ó lé ogójì, odindi ọjọ́ kan ni, láti òru dé òru. Kò sí bàálù kankan láyé tó tún lè pẹ́ dé Ìdóko. Ojú pupa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá ẹni tó pẹ́, wọn kò rí. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni bàálù kékeré kan wá láti Arómi láti gbé òkú Ọdẹ́túndé lọ sílé rẹ̀ níbẹ̀. Igbákejì rẹ̀ ló wà á. Wọ́n ti tẹ́ bàbá sábẹ́ ilé ìṣọ́, lórí bẹ́ǹṣì gígùn, wọ́n da aṣọ funfun bò ó. Bàálù náà gba ibòmíràn, kò gba orí ààfin. Ó wá sórí ilé ìṣọ́, ó tẹ imú ba títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé, ó yí sọ́tùn-ún, ó sinmi, ó yí sósì. Kò kánjú. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹfúnwùmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

Olóyè Dégbọlá ń kọjá lọ nínú pápá. Ó gbójú sókè, ó rí bàálù tó dọ̀bálẹ̀, ó tún agbádá ṣe lórí èjìká, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ìka rẹ̀ pé márààrún, ó gba ìkíni náà.